Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Òdòdó Iwájú Ilé àti Jẹjẹrẹ Ọmọdé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan nínú ẹbí wa ní jẹjẹrẹ kíndìnrín, Wilms ni àwọn dókítà pè é, ó sì ti ń gba ìtọ́jú. Màmá kan ládùúgbò ní òdòdó periwinkle tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n fi ń ṣe òògùn náà, pé ká máa se ewé rẹ̀ fún un mu. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìdajì ọ̀rọ̀ Màmá jóòótọ́, ìdajì tó kù léwu. Inú òdòdó yẹn ni vincristine, òògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí ọmọ náà lára, ti wá. Òògùn àtọ̀gbẹ ni Robert Noble àti Charles Beer ń wá nínú ewé rẹ̀ ní Kánádà, wọ́n bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn eku, èyí tó ń bá àrùn jà, ń lọ sílẹ̀. Vinblastine ni òògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀. Vincristine tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1963. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín sí méjì.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Ó lé ní 500 kílò ewé gbígbẹ kí gíráàmù 1 tó jáde. Ohun tí wọ́n ń fún ọmọdé lẹ́ẹ̀kan kì í ju mílígíráàmù 2 lọ. Bó bá fi díẹ̀ lé, iṣan ara á bàjẹ́. Ta ló fẹ́ fi ìkòkò wọn ìyẹn? Èròjà tó lé ní 100 ló tún wà nínú ewé náà, gbogbo wọn ló máa jùmọ̀ wọnú àgbo.

Ẹ̀dọ̀ ló ń kó vincristine kúrò lára. Àgbo mìíràn lè dí i lọ́wọ́, òògùn á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀: ọmọ á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro ó, ìgbẹ́ á le. Ìgbẹ́ líle wọ́pọ̀ pẹ̀lú òògùn yìí, kódà láìsí àgbo. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ má sì ki ohunkóhun bọ ìdí ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá ti lọ sílẹ̀, egbò bíńtín níbẹ̀ tó kí kòkòrò gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró ra ikùn rẹ̀. Kókó Wilms lè bẹ́, kí jẹjẹrẹ tú sínú ikùn. Bí ẹ bá sì ti fún un ní àgbo kankan, ẹ mú ewé náà dání lọ bá dókítà. Wọ́n lè jágbe mọ́ yín o. Ẹ ṣáà sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ewúro pa jẹjẹrẹ ní yàrá ìwádìí. Kí ló dé tí wọn ò fún àwọn ọmọ? — Bàbá Ayọ̀, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Inú àwo ló ti pa á, Bàbá Ayọ̀. Iyọ̀ àti ọtí náà ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Ìbéèrè tó le ni bóyá ìwọ̀n tó ń pa jẹjẹrẹ á dá mùdùnmúdùn eegun àti ẹ̀dọ̀ ọmọ sí, àti bóyá á tilẹ̀ dé ibi tí kókó wà. Gbòǹgbò ewéko mayapple ti Amẹ́ríkà ní èròjà tó ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ májèlé rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tún un ṣe ló di etoposide, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1983, tí a sì ń lò fún neuroblastoma, jẹjẹrẹ iṣan ara àwọn ọmọdé, lónìí.

Ọbẹ̀ ewúro tí a fọ̀ dáadáa, kí ọmọ máa jẹ ẹ́ bó bá wù ú. Omi ewúro tútù tí wọ́n fún sínú ife ni ká mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.