Kí Á Gòkè Sí I Ni, Tàbí Kí Á Jókòó? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Bríìjì

Àwọn lẹ́tà tí ó wọlé láti Èkìtì ní oṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń rú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ ọ́ lójú: bí alátakò bá ń pe ìpè lé tiwa, ìgbà wo ni kí á gòkè sí i, ìgbà wo ni kí á sì dákẹ́? Nítorí àwọn tí kò tíì ta bríìjì rí, mo ní láti sọ díẹ̀ ná. Ẹni mẹ́rin ni ó ń ta á, méjì dojú kọ méjì, ẹnìkejì ẹni sì ni ó máa ń jókòó kọjú sí ẹni. Káàdì 52 ni a ń pín, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni mẹ́rin bá ju káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ borí ni yóò kó o, ìkó kan nìyẹn. Ìkó 13 ni ó wà nínú ìpín kan. Kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì, gbàǹjo ni a kọ́kọ́ ń lù: ẹni tí ó pe 1 ṣèlérí ìkó méje, ẹni tí ó pe 4 ṣèlérí mẹ́wàá, ẹ̀yà tí ó bá sì dárúkọ ni yóò jẹ́ tọ́ǹpù, ìyẹn ẹ̀yà tí ó ń borí àwọn yòókù. Kílọ́ọ̀bù ni ó kéré jù, dáyámọ́ǹdì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà háàtì, sípéèdì, kí ó tó kan nò-tọ́ǹpù, ìyẹn ìpè tí kò ní tọ́ǹpù. Póìǹtì ni a fi ń díwọ̀n agbára ọwọ́ ẹni: Éèsì ní póìǹtì 4, Ọba 3, Ayaba 2, Jáàkì 1.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a jọ máa ń ta bríìjì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, òun ni ó ṣí ìpè pẹ̀lú 1 háàtì. Ẹni tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi pe 1 sípéèdì, mo pe 2 háàtì, ẹni ọwọ́ òsì mi pe 2 sípéèdì, ẹ̀gbọ́n mi pe 3 háàtì, ẹni ọwọ́ ọ̀tún sì pe 3 sípéèdì. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi nìyí: sípéèdì Ayaba, 9, 3, háàtì Ọba, 8, 4, dáyámọ́ǹdì Ayaba, Jáàkì, 7, kílọ́ọ̀bù Ayaba, 6, 5, 3. Póìǹtì mẹ́wàá gbáko ni, mo sì rò pé agbára mi ju ohun tí mo ti sọ lọ, ni mo bá pe 4 háàtì. Wọ́n dọ́bù rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ní kò ní ṣeé ṣe kí ìyà rẹ̀ lè pọ̀ sí i, àdéhùn wa sì já pẹ̀lú ìkó méjì. Àwa ni a wà nínú ewu, ìyẹn ipò tí ìyà àdéhùn tí ó bá já ti ń pọ̀ sí i, àwọn kò sí nínú rẹ̀, máàkì 500 sì ni wọ́n kọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ní bí mo bá jókòó ni, 3 sípéèdì wọn ì bá já pẹ̀lú ìkó kan. Ẹ bá wa dá sí i. — *Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ni ó jàre. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, nítorí ohun tí ẹ ṣe yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ń ta bríìjì tipẹ́ ṣì ń ṣe: wọ́n ń ka póìǹtì ní ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti ka tọ́ǹpù.

Ní àwọn ọdún 1960 ni ará Faransé kan, Jean-René Vernes, ṣe àlàyé pé bí a bá ka iye káàdì tí ẹgbẹ́ kan ní nínú ẹ̀yà tí ó bá wọn lára mu jù, tí a sì ro iye tí ẹgbẹ́ kejì ní nínú ẹ̀yà tiwọn pọ̀ mọ́ ọn, iye náà kì í jìnnà sí gbogbo ìkó tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè kó bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fi ẹ̀yà tirẹ̀ ṣe tọ́ǹpù. Larry Cohen, ará Amẹ́ríkà, ni ó wá tan ìmọ̀ náà ká ní àwọn ọdún 1990, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń ta bríìjì tí wọn kò gbọ́ ọ rí. Ẹ jẹ́ kí á fi wo ìpín yín. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó tún háàtì pè láìjẹ́ pé ẹ rọ̀ ọ́ yóò ní mẹ́fà lọ́wọ́, mẹ́ta ni tiyín, mẹ́sàn-án nìyẹn. Sípéèdì mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ̀gbọ́n bá sì ní méjì, mẹ́jọ ni ó kù fún wọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.

Ẹ wá pín 17 náà bí ó bá ṣe wù yín. Bí wọ́n bá lè kó ìkó mẹ́sàn-án nínú sípéèdì, mẹ́jọ ni ẹ̀yin lè kó nínú háàtì: 3 sípéèdì wọn yóò dúró, yóò sì fún wọn ní 140, ṣùgbọ́n 4 háàtì yín yóò já pẹ̀lú méjì, 500 yẹn gan-an ni bí wọ́n bá dọ́bù rẹ̀. Bí ẹ̀yin ni ẹ lè kó mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni tiwọn: àdéhùn tiwọn yóò já, tiyín náà yóò sì já, a jẹ́ pé ẹ gba ìyà náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fẹ́ jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Àfi bí ẹ bá lè kó mẹ́wàá, tí wọn kò sì lè kó ju méje lọ, ni 4 háàtì tó lè mú èrè wá. Pẹ̀lú àròpọ̀ 17, ẹni tí ó gun ìpele kẹrin nítorí pé alátakò pe 3 lé e ń wá ìjàǹgbọ̀n.

Ó tún ku ohun kan. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ròyìn rẹ̀, ìkó mẹ́jọ ni ẹ kó, mẹ́jọ náà ni àwọn ì bá kó, 16 nìyẹn, ó fi ọ̀kan dín sí ohun tí a kà. Ọwọ́ yín ni ó mú un dín. Ayaba mẹ́ta àti Jáàkì kan ni ẹ fi ń ka póìǹtì méje nínú mẹ́wàá yín, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún dídènà ju kíkó lọ. Ẹ wo Ayaba sípéèdì yẹn: ó jókòó sí ẹ̀yìn ẹni tí ó pe sípéèdì, káàdì tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ kí tiyín tó bọ́. Bí wọ́n bá ta sípéèdì, ó lè di ìkó. Bí ẹ̀yin bá ta háàtì, kò sí ohun tí ó lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì yín pín mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, kò sí ẹ̀yà kan tí ẹ lè yára tán kí ẹ fi tọ́ǹpù gé e.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín ni sípéèdì ẹyọ kan, 7; háàtì Ọba, 8, 6, 4; dáyámọ́ǹdì Ọba, Jáàkì, 9, 5; kílọ́ọ̀bù 8, 6, 4, 3, póìǹtì méje péré ni ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò ní bá yín wí bí ẹ bá gun 4 háàtì. Ohun tí n ó bá yín wí lé lórí ni pé ẹ kọ́kọ́ pe 2. Ẹni tí ó ní tọ́ǹpù mẹ́rin láti fi ti márùn-ún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ti ní mẹ́sàn-án, kí ó fò sí 3 háàtì lẹ́ẹ̀kan náà kí alátakò tó rí àyè sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìdí tábìlì ní Sátidé: ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ní ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ má tún un sọ mọ́. Nígbà tí ẹ pe 2 háàtì, ẹ ti sọ pé ẹ ní tọ́ǹpù mẹ́ta àti póìǹtì mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ó sì fi ìyẹn pinnu pé 3 ni òpin. Póìǹtì mẹ́wàá yín ti wà nínú ohun tí ẹ sọ, kì í ṣe ohun tuntun.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú pé Òfin 74 nínú ìwé òfin bríìjì bèèrè ìwà pẹ̀lẹ́ nídìí tábìlì. Kí ó tọ́jú ìbáwí di ìgbà tí àlejò bá lọ.

Ìbéèrè: Mo jẹ́ díákónì, àwọn ọmọ mi sì ń fẹ́ kọ́ eré yìí. Káàdì ni, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́? — *Ìjerò-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹ lè ta á láìsí kọ́bọ̀ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń ta á nínú ìdíje. Nínú ìdíje, káàdì tí wọ́n pín ní tábìlì kìíní ni wọ́n ń gbé lọ sí tábìlì kejì àti ìkẹta láìdà á pọ̀, kí a lè fi ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi káàdì kan náà ṣe wé ara wọn. Ẹni tí káàdì burúkú bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí káàdì burúkú yẹn náà ni ẹni tí ó jókòó sí ipò rẹ̀ ní tábìlì kejì yóò gbà. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé ti ka àjọ bríìjì àgbáyé kún àjọ eré ìdárayá láti ọdún 1999.

Ìbéèrè: Ẹ kú làálàá. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣí ìpè pẹ̀lú 1 sípéèdì nínú ìdíje kan, alátakò pe 2 háàtì, mo pe 2 sípéèdì, ẹnìkejì alátakò pe 3 háàtì. Ọkọ mi ronú títí, ó na ọwọ́ sí àpótí tí àwọn káàdì ìpè wà nínú rẹ̀, ó fà á padà, ó wá fi káàdì páàsì lélẹ̀, ìyẹn ni pé kò pe nǹkan kan. Ẹni tí ó tẹ̀lé e náà ṣe páàsì. Sípéèdì mẹ́ta, háàtì méjì àti póìǹtì méje ni mo ní, mo pe 3 sípéèdì, a sì kó ìkó mẹ́sàn-án. Wọ́n pe adarí ìdíje, ó gba 140 wa, ó sì kọ 140 fún àwọn alátakò bí ẹni pé 3 háàtì ni wọ́n ta. Ṣé olè ni wọ́n pè wá ni? — *Ìyá kan, Adó-Èkìtì*

Ìdáhùn: Rárá, ìyá, kò sí ẹni tí ó pè yín ní olè. Òfin kò dá ọkọ yín lẹ́bi nítorí pé ó ronú. Ohun tí Òfin 16 nínú àtúnṣe ọdún 2017 sọ ni pé ìpè àti káàdì nìkan ni ẹnìkejì lè fi bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí ó nà tí ó sì fà padà ti sọ fún yín pé kò fẹ́ fi háàtì wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó fẹ́ gòkè ni o, bóyá ó fẹ́ dọ́bù ni o, èyíkéyìí nínú méjèèjì sọ 3 sípéèdì yín di ohun tí ewu rẹ̀ kéré. Láti ìgbà náà lọ, bí ìpè méjì bá wà tí ẹni tí ó mọ eré lè ronú sí, ẹ kò gbọdọ̀ yan èyí tí ìrònú rẹ̀ ti tọ́ka sí.

Ìbéèrè tí adarí náà yóò bi ara rẹ̀ ni pé: bí ọkọ ìyá yìí bá ti ṣe páàsì wẹ́rẹ́, ṣé ẹlòmíràn tí ó ní sípéèdì mẹ́ta, háàtì méjì àti póìǹtì méje lè ṣe páàsì? Ó lè ṣe é dáadáa. Ẹ ti sọ gbogbo ohun tí ẹ ní nígbà tí ẹ pe 2 sípéèdì, bí olùkọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ti sọ tirẹ̀. Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú adarí. Bí ó bá jẹ́ pé sípéèdì márùn-ún ni ẹ ní, tí háàtì yín sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò ronú àti jókòó, èrò tèmi ni pé wọn ì bá fi 140 yín sílẹ̀ fún yín.

Fún ọkọ yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó ṣe ìrònú náà ṣáájú. Ẹni tí ó ṣí ìpè pẹ̀lú 1 sípéèdì, tí ó sì rí i pé háàtì ti dé, ó yẹ kí ó ti mọ ohun tí òun yóò ṣe bí wọ́n bá gbé e dé 3. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn ọ̀gá sílẹ̀. Láti ìdíje bríìjì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Bermuda Bowl ti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń fi pátákó dábùú tábìlì nínú àwọn ìdíje ńlá, kí ẹnìkejì má lè rí ojú ẹnìkejì, wọ́n á sì gbé àwọn ìpè sórí àwo kan tí wọ́n ń tì kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ní ilé yín, ìṣọ́ra díẹ̀ ti tó.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ẹni ọwọ́ ọ̀tún mi ni ó kọ́kọ́ pè, 3 háàtì ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní sípéèdì Ọba, Jáàkì, 4; háàtì Éèsì, Ayaba, 5; dáyámọ́ǹdì Éèsì, 9, 6; kílọ́ọ̀bù Ayaba, 9, 7, 3. Mo dọ́bù rẹ̀ nítorí pé mo ní póìǹtì 16, ẹnìkejì mi pe 4 kílọ́ọ̀bù, ó sì já. Kí ni ǹ bá ti ṣe? — *Ọ̀yẹ́-Èkìtì*

Ìdáhùn: Ẹni tí ó ṣí ìpè láti ìpele kẹta kò ní agbára, háàtì bíi méje ni ó ní, póìǹtì rẹ̀ kì í sì í sábà tó mẹ́wàá. Ohun tí ó ń wá ni kí ó dí ọ̀nà mọ́ ọ kí o má baà rí àyè bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀. Dọ́bù ní irú ibẹ̀ ń sọ fún ẹnìkejì pé kí ó mú ẹ̀yà mìíràn tí ó bá ní. Ẹni tí ó ní sípéèdì Éèsì, Ayaba, 9, 4; háàtì ẹyọ kan, 6; dáyámọ́ǹdì Ọba, Jáàkì, 8, 3; kílọ́ọ̀bù Éèsì, 10, 7, 5 ni dọ́bù tọ́ sí, póìǹtì 14 tirẹ̀ sì dára fún un ju 16 tìrẹ lọ, torí pé ẹ̀yà yòówù kí ẹnìkejì rẹ̀ mú, káàdì mẹ́rin ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní tìrẹ, 3 nò-tọ́ǹpù ni. Ṣe ìṣirò rẹ̀: póìǹtì 40 ni gbogbo rẹ̀, 16 wà lọ́wọ́ rẹ, fi bíi mẹ́jọ fún ẹni tí ó ṣí ìpè, 16 kù fún ẹni méjì yòókù, a jẹ́ pé o lè fojú bù ú pé ẹnìkejì rẹ ní mẹ́jọ. 24 náà súnmọ́ 25 tí a sábà ń fẹ́ fún àdéhùn yẹn, Éèsì àti Ayaba háàtì rẹ sì wà lẹ́yìn ẹni tí ó ní háàtì, ìkó méjì ni wọ́n lè jẹ́. Ó lè já. Nígbà mìíràn ẹnìkejì rẹ kò ní ní ohunkóhun, 3 háàtì yẹn ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé háàtì 6, 5 àti 2 ni o ní dípò Éèsì, Ayaba àti 5, póìǹtì mẹ́wàá ni yóò ṣẹ́ kù fún ọ, o kò sì ní ohun tí o lè fi dá háàtì wọn dúró; páàsì ni kí o ṣe, kí o má sì pẹ́ kí o tó ṣe é.