Ẹ̀sìn Tí Bàbá Mi Fi Lé Mi Lọ́wọ́: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí N Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aláékúmù, Álúfà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Kubwa níbí, ní Àbújá, ni mò ń gbé. Onígbàgbọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé ká ní ilé tiwọn ni wọ́n bí mi sí, ṣé mi ò ní máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kírun, ọkàn mi á máa bi mí pé ṣé mo gbà á gbọ́ ni àbí torí pé bàbá mi ń ṣe é. Ọ̀dọ́ kan ní mọ́ṣáláṣí wa tún ní ìrun mi ń bàjẹ́ torí pé mò ń sọ ọwọ́ sílẹ̀, n kì í gbé e lé àyà. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣé ìmáànì mi ti ń lọ ni?

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláàmù, ọmọ mi. Kò lọ síbì kankan. Àwọn sàháábà kan, ìyẹn àwọn tó bá Ànọ́bì rìn, wá bá a (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), wọ́n ní àwọn ń rí nǹkan nínú ọkàn àwọn tí ẹnu àwọn ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní ìmáànì tó hàn gbangba nìyẹn. Ó wà nínú àkójọ hádíìsì Ìmáàmù Muslim.

Ìbéèrè ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn ti pẹ́ láyé. Ìmáàmù Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní ọdún 1111, ṣàkíyèsí pé ọmọ nàsárà ń dàgbà di nàsárà, ọmọ Yàhúdí di Yàhúdí, ọmọ Mùsùlùmí di Mùsùlùmí. Kò sá fún un, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá tún bi ọ́, sọ pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé etí ẹni kọ́ ló ń sọ ọ́ di òótọ́ tàbí irọ́. Àwọn àgbà wa ló kọ́ wa pé iná ń jóni. Àwọn náà ló ní bí aboyún bá jẹ ìgbín, ọmọ rẹ̀ á máa da itọ́. Ẹnu kan náà ni méjèèjì ti wá. Ìgbà tí a yẹ̀ wọ́n wò la mọ èyí tí a ó mú.

Wo Àlùkùránì. Nínú Súrà Bákárà, áyà 170, a ní kí àwọn kan tẹ̀lé ohun tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn bá lọ́wọ́ bàbá àwọn làwọn ó tẹ̀lé, Ọlọ́hun sì bi wọ́n pé, bí bàbá wọn ò bá tilẹ̀ mọ nǹkan kan ńkọ́? Àmọ́ nínú Súrà Yúsúfù, áyà 38, Ànọ́bì Yúsúfù fúnra rẹ̀ ní òun ń tẹ̀lé ọ̀nà àwọn bàbá òun, Ìbúráhímà, Ísíáákà àti Yàkúbù. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Nítorí náà, títẹ̀lé bàbá kọ́ lẹ̀bi. Ẹ̀bi ni kéèyàn di ojú tẹ̀lé e. Ìbúráhímà náà bẹ Ọlọ́hun pé kó fi bó ṣe ń jí òkú han òun. Ọlọ́hun bi í pé, "Ṣé o ò gbà gbọ́ ni?" Ó ní òun gbà gbọ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀ ni.

Ní ti ọwọ́, ìrun rẹ kò bàjẹ́. Ìlànà ẹ̀sìn ti Ìmáàmù Málíkì, tó fàyè gba sísọ ọwọ́ sílẹ̀, la bá ní gbogbo apá òkè ọya níbí, òun náà làwọn bàbá wa kọ́ ní ilé kéú. Ìmáàmù Málíkì gba hádíìsì gbígbé ọwọ́ ọ̀tún lé òsì wá nínú ìwé rẹ̀, Mùwátà. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Ibn al-Qasim, sì sọ pé Málíkì kò fẹ́ràn rẹ̀ lórí ìrun ọ̀ranyàn. Ẹ̀rí wà níhìn-ín, ẹ̀rí wà lọ́hùn-ún. Ìwọ ṣáà bi ọ̀dọ́ yẹn ibi tó ti gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fídíò ìṣẹ́jú kan lórí fóònù ni, a jẹ́ pé òun náà ní bàbá tó dijú tẹ̀lé, bàbá tirẹ̀ kàn ń lo dátà ni.

Bí bàbá rẹ bá wà láyé, pè é ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kí o bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló kọ́ ọ. Mo bi tèmi bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ó ní álúfà òun ní Ìlọrin ni. Mo ní ta ló kọ́ álúfà náà? Ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò béèrè rí, ó sì ní kí n bá òun gbé ìwé Málíkì wá láti orí pẹpẹ.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.