Ẹ gbé fóònù níbùú bí ẹ bá ń ya ẹni tó ń gun ìgbì

Ẹ béèrè pé bí ẹ bá dúró létí òkun tí ẹ ń ya ọ̀rẹ́ yín tó ń fi pátákó gun ìgbì, ṣé kí ẹ gbé fóònù lóòró ni àbí níbùú, nítorí pé fídíò kéékèèké olóòró lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ gbé e níbùú. Ọ̀pọ̀ máa sọ fún yín pé bí fídíò ṣe máa hàn ni kí ẹ ṣe yà á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ọjọ́ tí mo jáwọ́ nínú ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan mú ìgbì tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti rí i kó gùn. Fóònù mi wà lóòró, mo sì ti fa àwòrán sún mọ́ tòsí kí ojú ẹ̀ lè hàn. Ó dìde lórí pátákó, ó yà sọ́tùn-ún, ó ti jáde nínú àwòrán kí n tó yí ọwọ́. Ìgbà tí mo fi máa rí i padà, ìfófòó funfun nìkan ló kù. Ó sáré jáde wá bá mi, omi ń kán lára ẹ̀, ó ní, "Ṣé o yà á?" Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹni tó ń gun ìgbì kì í kọjú tààrà sí iyanrìn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, ó ń sá lọ síbi tí ìgbì ò tíì wó. Lójú ẹni tó dúró létí omi, ọ̀tún sósì ni gbogbo ẹ̀. Àwòrán olóòró, tí ìbú ẹ̀ jẹ́ 9 tí gíga ẹ̀ sì jẹ́ 16, ti tóóró jù fún un.

Àmọ́ 4K ni kí ẹ fi yà á o. Fídíò 4K fẹ̀ tó píksẹ́lì 3840, ìyẹn àwọn àmì tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, ó ga tó 2160. Bí ẹ bá gé apá olóòró kan nínú ẹ̀, ó máa fẹ̀ tó 1215, bẹ́ẹ̀ ìbú 1080 lẹ nílò fún fídíò olóòró. Tó bá jẹ́ fídíò níbùú tó ga tó 1080 lásán lẹ fi yà á, nǹkan bí 607 péré ni ìbú tó máa kù, á sì rí bàìbàì. Nígbà tí ẹ bá ń gé e, ẹ máa sún apá yẹn tẹ̀ lé ẹni tó ń gun ìgbì, kí àyè iwájú ẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, torí ibi tó ń lọ lojú èèyàn ń wò. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá tàbí sápá ọ̀tún. Àwọn bọ́tìnnì àti àkọlé tó máa ń wà lórí fídíò kéékèèké máa bò ó.

Ẹ lo fírémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn àwòrán 60 tí kámẹ́rà ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ lè dín eré ẹ̀ kù sí ìdajì láìjẹ́ pé ó ń gé.

Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ba tèmi jẹ́ jù. Ìfófòó yẹn funfun gan-an. Ẹ fọwọ́ kan orí ẹ̀ lójú fóònù, ẹ dì í mú kó tì pa, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ fi rí ìlà àti ihò inú ìfófòó náà. Ẹ ṣì lè gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè tó bá yá. Funfun tó ti jóná kò ní padà.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń gbé e lóòró ni inú omi, tí ẹni tó ń gun ìgbì bá ń bọ̀ wá síwájú mi gan-an. Ìgbì á ga lókè orí ẹ̀, ó sì máa ń kún àwòrán dáadáa. Kí ìgbì tó dé, mo máa ń fi ahọ́n lá dígí roboto tó wà níwájú àpótí tí mo máa ń fi kámẹ́rà sí kí omi má bàa wọ̀ ọ́, mo sì máa ń rì í bọ omi, kí ẹ̀kán omi má bàa dúró lórí ẹ̀. Ẹ yẹ rọ́bà tó yí ẹnu àpótí náà ká wò kí ẹ tó tì í. Fọ́nrán irun kan ló wà lórí tèmi lọ́jọ́ tí iyọ̀ wọ kámẹ́rà mi, kò sì tàn mọ́ láti ọjọ́ náà.