Wáìnì Faransé àbí ti South Africa: èwo ló bá iyán lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ n lẹ́ o. Ìkéré-Èkìtì ni mo wà. Àbúrò mi ti Faransé dé, ó gbé wáìnì pupa Bordeaux wá, èmi sì ti mọ Pinotage South Africa lára, a wá ń jiyàn. Èwo ni ká fi jẹyán? Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Èmi fẹ́ràn Pinotage yẹn gan-an, Stellenbosch ní South Africa ni Abraham Perold, onímọ̀ nípa àjàrà, ti pa àjàrà Pinot Noir àti Cinsaut pọ̀ lọ́dún 1925 tó fi di Pinotage, adùn èso sì máa ń pọ̀ nínú ẹ̀. Bordeaux ní tiẹ̀, àjàrà Cabernet Sauvignon àti Merlot ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀, tó bá jẹ́ ti Médoc, agbègbè kan ní Bordeaux, Cabernet ló máa ń pọ̀ jù, á máa fún èèyàn lẹ́nu bí obì, pàápàá tí kò bá tíì pẹ́ nínú ìgò, àmọ́ ti Saint-Émilion, agbègbè míì níbẹ̀, máa ń rọ̀ díẹ̀ torí Merlot. Ata ẹ̀fọ́ rírò á jẹ́ kí fífún yẹn le sí i, torí náà Pinotage ni kẹ́ ẹ fi jẹyán, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sí fíríìjì fún bí 20 ìṣẹ́jú, ooru ilé wa ti pọ̀ jù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú Bordeaux àbúrò yín di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sun ẹran màlúù tí kò láta púpọ̀.