Ṣé kí n gba lọ́yà torí ọ̀gá tó lé mi lẹ́nu iṣẹ́?

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ọdún mẹ́ta lẹ fi ṣiṣẹ́ akọ̀wé n'Íkẹjà, wọ́n kàn ní kẹ́ ẹ má wá mọ́, kò sí nótíìsì, wọ́n tún jẹ yín lówó oṣù méjì. Ẹ má tíì sáré lọ kóòtù. Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, payslip, àlẹ́ẹ̀tì báńkì, àti gbogbo WhatsApp tí ọ̀gá yẹn kọ sí yín, ẹ má pa ẹyọ kan rẹ́ bó ti wù kí inú bí yín tó, torí ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní ẹni tó ti lò tó ọdún méjì àmọ́ tí ò tíì pé márùn-ún, nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ sí i, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà yín bá ní oṣù kan, oṣù kan náà ni.

Lọ́yà tó máa ń lọ National Industrial Court n'Íkòyí ni kẹ́ ẹ wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́. Lọ́yà tó bá ní High Court lòun máa gbé e lọ, ẹ sá! Ẹ bi lọ́yà tẹ́ ẹ bá rí pé èló ni lẹ́tà tó máa kọ sí ọ̀gá yẹn nìkan, torí lẹ́tà lọ́yà kan péré ni wọ́n rí tí wọ́n fi san tèmi. Èyí tó bá ń ṣèlérí mílíọ̀nù, ẹ ṣọ́ra, lọ́pọ̀ ìgbà owó nótíìsì àti gbèsè owó oṣù náà ni kóòtù máa ní kí wọ́n san. Tówó ò bá sí, OPD (Office of the Public Defender), iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gba ẹjọ́ aráàlú rò, ò gba kọ́bọ̀.