Ṣé mo lè fún ẹni tó ń gbowó "fún àwọn ará ní Síríà" ní sàká mi?

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékúm, Alfa. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, arákùnrin kan ń gbowó lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní ti "àwọn ará ní Síríà" ni. Kì í fúnni ní rìsíìtì, ó sì ní ká má sọ fún lémọ́ọ̀mù. Ṣé mo lè fún un ní sàká mi? Bí mo bá sọ fún ọlọ́pàá ńkọ́, ṣé mi ò dalẹ̀ mùsùlùmí ẹgbẹ́ mi?

Ìdáhùn: Wa aléékúmú sàlámù. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bí £4,000 bá pé ọdún lọ́wọ́ yín, £100 inú rẹ̀ ti di ti ìsọ̀rí èèyàn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun dárúkọ nínú Súrátù Táúbà, ẹsẹ 60. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ẹ ò lè gbé e fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún lémọ́ọ̀mù.

Òfin ìpániláyà Bírítéènì ti ọdún 2000, ìpín 15 sí 18, tó ka fífi owó ran ìpániláyà lọ́wọ́ léèwọ̀, kò dúró dìgbà téèyàn bá mọ ibi tí owó ń lọ. Bí ẹ bá ti rí ohun tó yẹ kó mú yín fura, ó tó. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ọdún 14. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá bàbá àti ìyá kan lẹ́bi nítorí £223 péré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó lọ sí Síríà. Ọlọ́pàá ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú. Ìfẹ́ òbí kò gbà wọ́n.

Ẹ wo ti Manchester, lọ́dún 2017, níbi tí èèyàn 22 ti kú. Líbíà ni àbúrò ẹni tó ju bọ́ǹbù náà wà lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn, torí ó bá a wá èròjà rẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó bá gba ọ̀daràn sílé.

Ní ti ọlọ́pàá, Ànábì ní ká ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí. Ìrànlọ́wọ́ alábòsí sì ni ká dì í mú kúrò nínú àbòsí rẹ̀. Ẹ pe 0800 789 321, nọ́ńbà ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìpániláyà. Ohun tí ẹ rí àti èyí tí ẹ gbọ́ nìkan ni kí ẹ sọ: ọjọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì tó fún yín. Ẹ má fi irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ẹ̀rí, ẹ má sì lọ bá a fà á.

Kí ẹ tó fún ẹgbẹ́ aláàánú kan lówó, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orúkọ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ ka ìṣirò owó ọdọọdún rẹ̀, kí owó sì wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹgbẹ́ kéékèèké tí owó wọn kò tó £5,000 lọ́dún lè máà ní nọ́ńbà; ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ọ̀daràn.

Bí ẹ bá ti fún un tẹ́lẹ̀, ẹ tún sàká náà yọ, kí ẹ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá kíákíá. Ìpín 21 òfin yẹn gba ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ.