Ẹ Bi Wá: Ṣé Kí N Ra Skyrim Àbí Kí N Fi Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tó lè gbé géèmù díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi wá ní Skyrim ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, pé kò sí irú ẹ̀. Àbúrò mi ní irọ́ ni, ó ní wàhálà inú ẹ̀ ju adùn ẹ̀ lọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Òǹkàwé yín, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ilé iṣẹ́ Bethesda ló ṣe é, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2011 ló jáde, tí mo bá sì ní kí n ṣírò iye òru tó ti gbà lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Wò ó, níbẹ̀rẹ̀ géèmù yẹn, wọ́n ti dè ẹ́ lọ́wọ́ gbé ẹ dé ìlú Helgen, wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, ni dírágónì kan bá já wọ̀lú. O sá jáde, o dé abúlé Riverwood, látibẹ̀ lọ kò sẹ́ni tó máa ní kó o má lọ síbi tó wù ẹ́. Òkè tó ò ń wò lókèèrè yẹn, tí yìnyín bò, wàá fẹsẹ̀ gùn ún dé orí. Bó o ṣe ń sún mọ́ ìlú Whiterun wàá rí àwọn kan tí wọ́n ń bá òmìrán jà nínú oko, tó o bá dá sí i tí kùmọ̀ òmìrán yẹn bà ẹ́, ojú ọ̀run lo máa bá ara ẹ, mi ò ṣàwàdà o. Kò sì sí pé wọ́n ní kó o yan iṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀: ẹ̀ka iṣẹ́ 18 ló wà, èyí tó o bá ń ṣe lọwọ́ ẹ máa ń yá sí. Fi idà jà, wàá mọ idà lò. Jalè, wàá di ògbólógbòó olè.

Ṣùgbọ́n ayé yẹn ò mọ̀ ẹ́. O ti pa dírágónì mẹ́wàá, egungun wọn wà nínú ẹrù ẹ, o wá dúró ti ẹ̀ṣọ́ kan, ó ń ráhùn sí ẹ létí pé ìbátan òun ń bẹ níta tó ń bá dírágónì jà, òun wá ń ṣọ́ ìlú. Ta ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀? Ọkùnrin kan tún wà ní Whiterun, Nazeem, wọ́n lè ti fi ẹ́ joyè nílùú yẹn, kó o máa wọlé tọ Jarl tí í ṣe ọba wọn nígbà tó wù ẹ́, Nazeem á ṣì bi ẹ́ bóyá o máa ń dé àdúgbò ààfin, á tún fẹnu ara ẹ̀ dáhùn pé níbo lo ti máa débẹ̀. Àwa tá a mọ bí oyè ṣe ń rí lára, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn wá ju ọgbẹ́ idà lọ. Ti ilé ẹ̀kọ́ idán ní Winterhold ló wá pabanbarì: idán kan péré lobìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu afárá tó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ní kó o ṣe kó o tó wọlé, látìgbà yẹn o lè máa fi àáké ṣá gbogbo ohun tó bá yọjú, nígbà tí ìtàn á fi parí ìwọ lolórí wọn pátá. Bí ẹni tí ò mọ̀ ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ dì mú lọ tí wọ́n wá fi jẹ Àràbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ bí onídán, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo parí ẹ̀ bí ọdẹ olófà tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Géèmù yẹn ló ń tì ẹ́ síbẹ̀, torí ọfà tó o bá fara pamọ́ ta ń ṣe ìlọ́po ọṣẹ́, àwọn ọ̀tá ò sì gbọ́n, ọfà á dúró gbọnin lórí ẹnì kan, á wá ẹ kiri díẹ̀, á ní bóyá atẹ́gùn ni, á padà sáyè ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù náà ńkọ́? Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé e lórí, kó ọjà ẹ̀ tán lójú ẹ̀, kò ní rí ẹ.

Ti bug, ìyẹn àṣìṣe inú géèmù, àwọn tó gbá a lórí PlayStation 3 nígbà yẹn lójú wọn rí màbo, bí save wọn, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú ibi tí wọ́n bá eré dé, bá ṣe ń tóbi ni géèmù ń wọ́ bí ìgbín. Lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń gbá a fúnra wọn ló tún ọ̀pọ̀ ẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. SkyUI, ọ̀kan lára àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn, ni kó o kọ́kọ́ wá, torí bí wọ́n ṣe to ẹrù inú ẹ̀ ń ká èèyàn lára. Tí láptọ́ọ̀pù yẹn bá gbé Special Edition, ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe ní 2016, òun ni kó o rà. Má sì kánjú tẹ̀lé ìtàn gangan, òpin ayé tí wọ́n ń pariwo pé ó ń bọ̀ yẹn á jókòó dè ẹ́ títí wàá fi ṣe tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní téèyàn bá ń rọ ọ̀bẹ irin ní Skyrim, kíá lá di ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Mo ti rọ ọgọ́rùn-ún, mi ò rí nǹkan kan. — Ẹ̀gbá

ÌDÁHÙN: Ìyẹn ti pẹ́, wọ́n ti dí i pa. Iye tí ohun tó o rọ bá tó ni wọ́n ń wò báyìí. Lọ sí ibùdó kan tó ń jẹ́ Halted Stream Camp lápá òkè Whiterun, ìwé idán Transmute wà níbẹ̀, ó ń sọ irin tútù di fàdákà, á tún sọ fàdákà di wúrà. Yọ́ wúrà yẹn, fi rọ òrùka. Àwọn ọ̀bẹ yẹn, tà wọ́n.